Ẹ má tíì bú Visa: ohun tí káàdì kọ́ mi lókè òkun

Bí ẹ̀rọ POS bá kọ káàdì yín nílẹ̀ òkèèrè, ẹ má tíì bú Visa. Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé, mo sì máa ń gba àlejò láti ilé. Lọ́dún 2022, bí àlejò bá ti na káàdì náírà sí ẹ̀rọ ìsanwó níbí tí kò lọ, ohun tó máa kọ́kọ́ tẹnu rẹ̀ jáde ni pé, "Visa yìí ti dà mí o!" Màá wá fi tèmi san án. Visa ni tèmi náà, ó sì máa ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. (Àlejò kì í rántí owó náà mọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

Orúkọ méjì ló wà lára káàdì: ti báǹkì àti ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń so àwọn báǹkì pọ̀, irú bíi Visa. Visa kì í bá èèyàn tọ́jú owó, kì í sì í yáni lówó. Bẹ́ẹ̀ náà ni Mastercard. Alárinà ni wọ́n. Báǹkì oníṣọ́ọ̀bù rán wọn sí báǹkì yín pé ṣé owó wà, báǹkì yín fèsì, wọ́n gbé èsì padà. Bí àwọn òbí bá ní àwọn ò fọmọ fún yín, ṣé alárinà lẹ máa bá jà?

Ìtàn wọn ló jẹ́ kó yé mi. Nígbà tí Frank McNamara dá Diners Club sílẹ̀ ní New York lọ́dún 1950, ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń dá gbogbo rẹ̀ ṣe: òun ló ń fún oníbàárà ní káàdì, òun náà ló ń sanwó fún ilé oúnjẹ. Ní September 1958, Bank of America gbé BankAmericard tirẹ̀ dé. Wọ́n fi káàdì ránṣẹ́ sí nǹkan bí 60,000 èèyàn ní Fresno, ní California, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè. Ẹ wò ó ná: ẹ jí láàárọ̀, ẹ bá gbèsè nínú àpótí lẹ́tà! Olè rí iṣẹ́ ṣe, àwọn mìíràn ná an tán wọn ò san án, báǹkì náà sì pàdánù owó gidi. Ó di 1970 kí ìjọba Amẹ́ríkà tó fòfin de fífi káàdì ránṣẹ́ sí ẹni tí kò béèrè.

Òfin ìgbà náà kì í jẹ́ kí báǹkì kan tàn dé gbogbo ìpínlẹ̀, nítorí náà, láti 1966, Bank of America bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn báǹkì mìíràn láyè láti lo káàdì náà. Barclays gbé e wá sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún kan náà, wọ́n pè é ní Barclaycard. Kò pẹ́ tí wàhálà fi bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn lórí ta ló máa san fún ta. Dee Hock, òṣìṣẹ́ báǹkì kan ní Seattle, ló ní kí gbogbo wọn jọ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà, kí Bank of America má ṣe dá ṣàkóso rẹ̀ mọ́. Bó ṣe rí nìyẹn ní 1970. Ní 1976 ó di Visa. Àwọn báǹkì tí kò fẹ́ wà lábẹ́ Bank of America ti kó ara wọn jọ láti 1966, àwọn ló di Mastercard. Àwọn báǹkì ló dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì sílẹ̀, wọn ò sì fi àṣẹ lé e lọ́wọ́: báǹkì tó fún yín ní káàdì ló ń sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá, títí dòní.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fáwọn àlejò mi pé Èkó ni kí wọ́n pè. Dọ́là wọ́n ní Nàìjíríà lọ́dún 2022. Ọ̀pọ̀ báǹkì dín ohun tí káàdì náírà lè ná lókè òkun kù sí dọ́là 20 lóṣù, nígbà tó yá àwọn kan dá a dúró pátápátá. Àmì Visa ṣì ń dán lára káàdì. Lọ́dún 2025 àwọn kan ṣí i padà, àmọ́ ẹ bi báǹkì yín kẹ́ ẹ tó wọ bàálù.

Ìgbà mìíràn wà tí ẹjọ́ náà kan alárinà lóòótọ́. Ní March 2022, Visa àti Mastercard dá iṣẹ́ dúró ní Rọ́ṣíà, káàdì wọn tí báǹkì ibẹ̀ ṣe ò sì ṣiṣẹ́ lẹ́yìn odi mọ́. Ẹ̀yin ará wa ní Amẹ́ríkà tẹ́ ẹ ń lọ bọ òrìṣà ní Kúbà, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé káàdì báǹkì Amẹ́ríkà níbẹ̀, aáwọ̀ ìjọba méjèèjì ò jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Owó gangan ni kẹ́ ẹ kó dání. Verve, tí Interswitch gbé jáde ní 2009, dára nílé, àmọ́ ẹ má gbé òun nìkan wá Lọ́ńdọ̀nù. Èmi kì í rìn láìní káàdì méjì tí báǹkì wọn yàtọ̀, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn náà yàtọ̀.

Ibi tí owó ti ń jò jù rèé. Ká ní káàdì báǹkì Gẹ̀ẹ́sì lẹ mú dání, ẹ jẹun tán ní Lisbon, ní Pọ́túgà, ẹ̀rọ bi yín bóyá yúrò lẹ fẹ́ san tàbí pọ́n-ùn. Pọ́n-ùn máa ń wuni, òun ṣáà la mọ̀. Yúrò ni kẹ́ ẹ yàn! Bẹ́ ẹ bá yan pọ́n-ùn, apá ọ̀dọ̀ oníṣọ́ọ̀bù ló máa bá yín ṣẹ́ owó náà, èrè wọn á sì wà nínú rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá yan yúrò, iye tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣẹ́ ẹ ni wọ́n máa lò, báǹkì yín lè fi nǹkan bí 3 nínú ọgọ́rùn-ún lé e. Àwọn káàdì kan ò gba kọ́bọ̀. Agbáwo kan ti bá mi tẹ pọ́n-ùn rí kí n tó wo ojú ẹ̀rọ. Mo ní kó fagi lé e, kó tún un ṣe, ó sì ṣe é. ATM náà máa ń béèrè, bọ́tìnnì tó wù ú ló sì máa ń jẹ́ kó tóbi jù.

Ẹ má fi káàdì gbèsè (credit card) gba owó lẹ́nu ATM, èlé sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n òun ni mo fi ń sanwó ilé ìtura àti tíkẹ́ẹ̀tì bàálù. Abala 75 òfin Gẹ̀ẹ́sì lórí owó yíyá (Consumer Credit Act) ti 1974 sọ pé bí ohun tẹ́ ẹ rà bá lé ní £100, tí kò kọjá £30,000, tí ẹni tó tà á ò sì mú àdéhùn ṣẹ, ẹ lè gba owó yín lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó fún yín ní káàdì, kódà bó jẹ́ òkè òkun lẹ ti rà á. Káàdì dẹ́bíìtì ò sí lábẹ́ òfin yẹn.

Ẹ sì kọ nọ́ńbà fóònù báǹkì yín sínú ìwé kẹ́ ẹ tó gbéra. Ẹ̀yìn káàdì ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, bí wọ́n bá sì jí káàdì, nọ́ńbà bá a lọ nìyẹn.