Irọ́ tí mo pa fún dókítà mi

"Ṣé ẹ ń lo oògùn yín déédéé?"

"Mò ń lò ó, dókítà."

Irọ́ ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni mo ti pa lisinopril, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, tì. Ikọ́ gbígbẹ tó gbé dé kì í jẹ́ kí n sùn. Mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ni dókítà dojú kọ. Ẹ má pè mí ní alágídí o. Ẹni tí wọn kò bá wò lójú, ọ̀rọ̀ a máa wúwo lẹ́nu rẹ̀.

180 lórí 110 ni ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi lọ́jọ́ náà. Dókítà rò pé oògùn náà kò ká a, ó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ó tún fi òmíràn kún un. Ẹ̀rù bà mí, mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lo gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, bí mo ṣe dìde lórí ibùsùn, òòyì kọ́ mi. Mo rántí bí ilẹ̀ ṣe tutù lẹ́rẹ̀kẹ́ mi, àti ohùn ọmọ mi tó ń pè mí. Mò ń gbọ́, n kò lè jẹ́. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, wọ́n bi í bóyá mo ti ń lo oògùn tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Wọn kì í fò ó rárá." Ó fọwọ́ sọ̀yà! Èmi tí mo dùbúlẹ̀ ń gbọ́ bí ọmọ mi ṣe ń jẹ́rìí èké fún mi láìmọ̀.

Nọ́ọ̀sì kan ló tú mi sílẹ̀. Ó ní, "Màmá, oògùn ojoojúmọ́ máa ń sú ènìyàn. Nínú ọjọ́ méje, mélòó ni ẹ kì í rí i lò?" Ẹkún gbọ̀n mí, mo jẹ́wọ́. Wọ́n fi oògùn mìíràn, losartan, rọ́pò lisinopril, ikọ́ kò sì padà wá.

Ẹ̀yin tí a jọ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn tí ẹ kò lò ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ, kí wọ́n tó kọ òmíràn fún yín. Ẹ kó páálí oògùn àti àgbo tí ẹ ń mu dání. Àwọn dókítà mọ ikọ́ yẹn bí ẹní mowó, irú oògùn bíi lisinopril máa ń fà á. Ìṣẹ́jú kan péré ni ì bá gbà mí láti sọ ọ́. Ẹ sọ oògùn tí ẹ kò lò, kódà bí ojú bá ń tì yín. Ẹ̀yin oníṣègùn náà, ẹ béèrè bíi ti nọ́ọ̀sì yẹn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni mo máa padà lọ bá dókítà náà gan-an. Mo ti kọ ohun méjì sórí ìwé: pé mo purọ́ fún un, àti pé kò wò mí lójú.