Ibo lómi dé? Bí a ṣe ń gba ìtàn Omíyalé sílẹ̀ n'Ìbàdàn

Ẹ béèrè ọjọ́ orí lọ́wọ́ àgbà kan ní Òkè-Àdó tàbí Òkè-Bọ́lá, kì í pẹ́ kí Omíyalé tó wọ ọ̀rọ̀. “Mo ti wà nílé ọkọ nígbà Omíyalé.” “Oyún ọmọ mi kejì ló wà nínú mi lọ́dún Omíyalé.” Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, ọdún 1980 ni wọ́n ń sọ, ọjọ́ tí òjò rọ̀ fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá, tí odò Ògùnpa fi ojú ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀, tó wọ ilé, tó wọ ṣọ́ọ̀bù, tó gbé èèyàn, tó gbé mọ́tò, tó sì ba ọgbà ẹranko Agódi jẹ́ pátápátá. Bọ́lá Ìgè ni gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nígbà náà, Shehu Shagari ni ààrẹ.

Orúkọ yẹn ò ní tètè kúrò lẹ́nu wa. Gíga omi ló ń lọ. Ẹni tó mọ̀ pé omi kan ẹsẹ̀ fèrèsé ilé bàbá òun, tó mọ àtẹ̀gùn tí wọ́n dúró sí tí wọ́n ń wo àpótí aṣọ wọn bó ṣe ń léfòó lọ, ti dàgbà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ọjọ́ náà ti kọjá àádọ́ta. Bí gbogbo wọn bá lọ tán láìsí àkọsílẹ̀, Omíyalé á ku orúkọ lásán, orúkọ kì í sì í dá ẹni tó fẹ́ kọ́lé sétí odò dúró. Á ní òun náà ti gbọ́ ọ rí. Ṣùgbọ́n bí ìlà kan bá wà lára ògiri ilé tó múlé gbe ilẹ̀ tó fẹ́ rà, tó ga dé àyà rẹ̀, tí wọ́n kọ déètì sí i, á dúró wò ó. Lójú tèmi, ìtàn Omíyalé tí a kò fi tépù wọ̀n kò tíì pé.

Ohun tí a nílò kò pọ̀: fóònù tó lè gba ohùn sílẹ̀, ìwé àti bírò, tépù onírin tó gùn tó mítà 5, ẹfun ìkọ̀wé, àti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó mọ́ gaara, irú èyí tí bíríkìlà ń rọ omi sí láti wo lẹ́fẹ́ẹ̀lì. Kí rọ́bà náà gùn tó mítà 15. Èèyàn méjì ni kó lọ, ẹnì kan á máa béèrè, ẹnì kejì á máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí èèyàn mẹ́rin márùn-ún gbé fóònù sókè yí àgbàlagbà ká. Ọ̀rọ̀ inú wọn kì í jáde báyẹn.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí a mọ Omíyalé tí wọ́n ń sọ, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ ti ń bàjẹ́. Gbogbo ìkún omi tó bá ya wọlé là ń pè ní omíyalé, Ògùnpa sì ti kún ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: ó kún lọ́dún 1960, ó kún ní 1963, ó pa èèyàn lóṣù Kẹrin ọdún 1978, kó tó wá ṣe ti 1980. Lẹ́yìn náà ni ti ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ, ọdún 2011, tó kan odò púpọ̀ nílùú. Nínú ìrántí èèyàn, omi wọ̀nyí máa ń dà pọ̀ di ẹyọ kan. Nítorí náà, ẹ má béèrè ọdún. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí omi dé, kí ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà.

Ti 1978 bọ́ sí Ọjọ́bọ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ìgbà tí ẹlòmíì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ ebè. Ti 1980 bọ́ sí Ọjọ́ Àìkú, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ló sì ń fi ìsìn ọjọ́ náà mọ̀ ọ́n. Ìtúnu ààwẹ̀ ọdún yẹn ti kọjá ní bí ọ̀sẹ̀ méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta kí omi tó dé. Ti 2011 bọ́ sí ọjọ́ Jímọ̀, láti ìrọ̀lẹ́ dòru, ààwẹ̀ Ràmàdánì sì ń lọ lọ́wọ́, ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n túnu. Ẹni tó bá ní òun ń ṣínu lọ́wọ́, ẹ̀kọ ṣì wà lọ́wọ́ òun tí omi fi já ilẹ̀kùn wọlé, ti 2011 ló ń sọ, kódà bó bá fi gbogbo ẹnu pè é ní 1980. Ẹni tó bá ní òun pe ẹ̀gbọ́n òun lórí fóònù alágbèéká kó wá gbé òun, ẹ rántí pé ọdún 2001 ni fóònù GSM wọ Nàìjíríà. Ẹ má bá wọn jiyàn o. Ẹ kọ ohun tí wọ́n sọ gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kí ẹ wá kọ ohun tí kàlẹ́ńdà wí sí ojú ewé òdìkejì. Fọ́tò náà nílò irú àyẹ̀wò yìí. Àwòrán omi Ìbàdàn tí wọ́n ń pín kiri pẹ̀lú àkọlé “1980”, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa: bí òpó nẹ́tíwọ̀kì fóònù bá ga níbẹ̀, kì í ṣe ti 1980.

Bíbéèrè gan-an gba sùúrù. Ẹ kí wọn, ẹ jókòó, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣe, ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó tẹ fóònù. Lẹ́yìn náà, bí ara wọn bá gbé e, ẹ bẹ̀ wọ́n kí ẹ jọ jáde síta. Ìrántí inú pálọ̀ máa ń fẹjú, ti ojú ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ máa ń ṣe pàtó. Ìbéèrè mi àkọ́kọ́ kì í jẹ mọ́ ikú rárá, ilé ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀: “Ìyá, ibo ni ẹnu ọ̀nà ilé yìí dojú kọ nígbà náà?” “Ibo ni ẹ ti ń dáná?” Bí wọ́n bá ti ń fi ọwọ́ tọ́ka, omi fúnra rẹ̀ á wọ inú ìtàn.

Wọ́n á sọ pé omi mù wọ́n dé orúnkún, dé ìbàdí, dé ọrùn. Àṣìṣe ńlá wà níbẹ̀. Orúnkún àgbàlagbà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 50 láti ilẹ̀, ìbàdí rẹ̀ tó bíi mítà kan. Ti ọmọ ọdún mẹ́wàá kò tó bẹ́ẹ̀: orúnkún rẹ̀ kò tó 40, ìbàdí rẹ̀ wà ní bíi 80. Ẹni tó dìde lónìí tó na ọwọ́ sí àyà ara rẹ̀ láti fi ibi tí omi dé hàn, tó sì jẹ́ ọmọdé lọ́jọ́ náà, lè fi bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30 kún omi láìpurọ́ rárá. Nítorí náà, ẹ máa wá ohun tí kì í dàgbà: ẹsẹ̀ fèrèsé, orí ilẹ̀kùn, ìkẹta àtẹ̀gùn, ìṣó tí wọ́n máa ń fi àtùpà kọ́. “Ṣé omi bo ìṣó yẹn, àbí ó kù díẹ̀ kó bò ó?” Ìbéèrè yìí sàn ju “báwo ni omi ṣe ga tó?” lọ fíìfíì.

Ti àwọn tó ṣòfò, ẹ rọra. Òbí tí omi gbé ọmọ rẹ̀ lọ, òkú ọ̀fọ̀ ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í dárúkọ ọmọ náà mọ́. Ẹ má fi ìbéèrè fà á jáde lẹ́nu wọn. Bí ó bá yẹ kí ilé náà wà nínú àkọsílẹ̀, àbúrò tàbí aládùúgbò ni kí ẹ bi, kí ẹ sì má kọ orúkọ olóògbé sílẹ̀ láìjẹ́ pé ìdílé fọwọ́ sí i. Bí ìyá bá dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, ẹ dákẹ́ pẹ̀lú wọn. Bí ó bá pẹ́, ẹ kí wọn kú ìrọ́jú, ẹ pa fóònù náà, kí ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn.

Iye òkú 1980 kò bára mu nínú ìwé: ẹlòmíì kọ ọgọ́rùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹlòmíì kọ igba àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí omi gbé lọ tí a kò rí òkú rẹ̀ kì í wọ inú òkú tí wọ́n kà, àlejò tí kò ní ẹbí nílùú kì í sì í ní ẹni tó máa wá a. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ṣe ti àdúgbò yín, ẹ ka ojúlé kọ̀ọ̀kan. Ẹ má gbìyànjú láti fi ẹnu ẹnì kan ka gbogbo ìlú.

Ó wá kan rọ́bà. Ẹ rọ omi sí i títí yóò fi kù bíi gígùn apá kan ní etí méjèèjì. Ẹ wò ó láti òkè délẹ̀: bí afẹ́fẹ́ bá há sí àárín, bó kéré bí ẹ̀wà, irọ́ ni rọ́bà náà máa pa. Ẹ na án sókè, ẹ fi ìka ta á títí afẹ́fẹ́ náà yóò fi jáde. Ẹnì kan á gbé etí kan sí ibi tí ìyá fi hàn lára ògiri wọn, ẹnì kejì á gbé etí kejì lọ sára ògiri aládùúgbò. Ẹ ṣí àtàǹpàkò kúrò lórí etí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ dúró kí omi fara balẹ̀, kí ẹ gbé rọ́bà sókè sódò títí omi ọ̀dọ̀ ìyá yóò fi bá àmì wọn dọ́gba. Ibi tí omi dúró sí lọ́dọ̀ aládùúgbò, ẹ fi ẹfun fà á. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó pe aládùúgbò pé kó fi ibi tí òun rántí hàn. Ẹ má jẹ́ kó rí ìlà ẹfun náà tẹ́lẹ̀, torí yóò kàn gbà pẹ̀lú yín ni. Bí àmì méjèèjì bá súnmọ́ra tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sí méjì, ẹ ti rí òótọ́. Bó bá fi ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnì kẹta. Ẹ má ṣe irú èyí láàárín ilé tó jìnnà síra o, torí omi odò ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ ni; bí ilé bá ti ju bí àádọ́ta ìṣísẹ̀ lọ sí ara wọn ní ojú ìṣàn, gíga wọn kò ní dọ́gba mọ́.

Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti yí padà. Wọ́n ti da ọ̀dà lé ọ̀dà, wọ́n ti rọ́ yẹ̀pẹ̀ sí àgbàlá. Ilé kan tó ní àtẹ̀gùn márùn-ún ní 1980 lè ku mẹ́ta lónìí, méjì ti wọlẹ̀. Bí ẹ bá wọn omi láti orí títì òde òní, ẹ ti gé e kúrú nìyẹn. Láti ìloro inú ilé, èyí tí wọn kò tíì gbé sókè, ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n. Àwọn kan tún máa ń kan ògiri ilé amọ̀ pẹ̀lú ìka láti gbọ́ ibi tí sìmẹ́ńtì ti kúrò lára amọ̀, tó ń dún bí igbá òfìfo, wọ́n á ní ibi tí Omíyalé dé nìyẹn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọ̀rinrin tó ń gòkè láti inú ilẹ̀ lọ́dọọdún ń ṣe ohun kan náà. Ògiri nìkan kò tó ẹ̀rí láìsí ẹnu èèyàn.

Ẹ tún gbìyànjú láti rí ẹlẹ́rìí ní òkè afárá àti ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí omi òkè afárá bá ga ju ti ìsàlẹ̀ lọ gan-an, afárá ló há. Pàǹtírí, ìtì igi, páànù àti mọ́tò tó rá sábẹ́ rẹ̀ di ìdènà, omi kóra jọ, ó wá yà sí ilé tó wà lẹ́bàá ibẹ̀. Àmì méjì péré, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, á fi ohun tí a dà sódò hàn kedere.

Àwọn kan á ní kí la ń wá kiri, ṣebí wọ́n ti fi kọnkéré gbẹ́ ojú Ògùnpa. Òótọ́ ni. Àmọ́ Ògùnpa nìkan kọ́ ló wà n'Ìbàdàn: odò Ọ̀nà wà, Ògbèrè wà, Kúdẹtì wà. Ní 2011, òjò tó tó mìlímítà 187.5 ló rọ̀, afárá Àpẹ̀tẹ̀ já, ó ju ọgọ́rùn-ún èèyàn lọ tó kú. Lẹ́yìn ìyẹn ni Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là fún iṣẹ́ ìkún omi Ìbàdàn ní 2014. Ìrántí omi 2011 ṣì tutù lára àwọn èèyàn. Etídò wọ̀nyí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ bí ẹ kò bá rí àgbà 1980 mọ́.

Tó bá kan fífa ìlà sára ògiri, ọ̀pọ̀ onílé kì í gbà, wọ́n á ní ayálégbé ò ní wá mọ́. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìdí, ẹ má fipá mú wọn. Ẹ lọ bá alága àdúgbò, ìmáàmù tàbí pásítọ̀, kí wọ́n fún yín láàyè lára ògiri mọ́sáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ilé ìwé tó wà lágbègbè náà. Ẹ fi rọ́bà gbé gíga náà débẹ̀ bí kò bá jìnnà. Ọ̀dà olómi tí a fi ń kun ògiri máa ń ṣí láàárín òjò méjì mẹ́ta. Ọ̀dà olóyìnbó elépo sàn díẹ̀. Èyí tó dára jù ni pátákó sìmẹ́ńtì: ìwọ̀n sìmẹ́ńtì kan sí yanrìn mẹ́ta, kó nípọn tó ìka mẹ́ta, kí ẹ fi ìṣó kọ ọ́ nígbà tó bá ń dì, kò tíì le. Ẹ fi àpò tútù bò ó fún ọjọ́ méje, ẹ máa wọ́n omi sí i láràárọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á sán. Kí lẹ́tà rẹ̀ tó ìka mẹ́rin ní gíga, kí ẹni tó wà lórí ọ̀kadà lè kà á. Ohun tí a máa kọ kò gùn: déètì, gíga láti ìloro ní sẹ̀ǹtímítà, àti ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré, “Omi dé ibí.”