Òkúta Kékeré Tí Mo Pè Ní Ti Ọmọdé

Lónìí ni mo parí ìlà kẹta àwọn ibojì àtijọ́ tó wà ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó sùn pé àṣìṣe méjì ni mo bá pàdé nínú ìwé tí mo ń to wọn sí.

Èyí àkọ́kọ́ jẹ mọ́ ọ̀wọ̀n gíga kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú tí a bu aró díẹ̀ sí. Òjò ti fọ orúkọ kúrò lára ọ̀pọ̀ nínú àwọn òkúta mábù tó yí i ká, ṣùgbọ́n lẹ́tà ara tirẹ̀ hàn ketekete bí ẹni pé èṣí ni wọ́n kọ ọ́, ewé wínníwínní tó máa ń lẹ̀ mọ́ òkúta kò sì hù sí i lára. Mo ti rò pé nǹkan ìgbàlódé ni, àfi ìgbà tí mo sún mọ́ ọn tí mo rí 1886. Mo fi ìka kàn án, ó dún bí agolo òfìfo. Mo gbé òòfà sí i lára, kò lẹ̀ mọ́ ọn, nítorí náà kì í ṣe irin. Síǹkì ni. Ilé iṣẹ́ Monumental Bronze Company, ní Bridgeport ní ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà, ló ń rọ irú rẹ̀ láti 1874 títí di 1914, tí wọ́n ń pè é ní idẹ funfun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí idẹ nínú rẹ̀. Síkúrù tí orí rẹ̀ rí bí òdòdó ni wọ́n fi de pátákó orúkọ mọ́ ọn, kí wọ́n lè tú u, kí wọ́n sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ nígbà tí ẹlòmíràn nínú ẹbí bá kú. Pátákó kan lára ọ̀wọ̀n yìí kò ní orúkọ kankan. Mo dúró pẹ́ níwájú rẹ̀, mo ń ronú nípa ẹni tí wọ́n fi àyè yẹn sílẹ̀ fún.

Àṣìṣe kejì ló dùn mí jù. Òkúta kan wà tí kò ga ju orúnkún lọ, lẹ́tà mẹ́ta péré ló wà lára rẹ̀, kò sì ní ọdún. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo kọ “ọmọdé” síwájú rẹ̀, àánú sì ṣe mí. Nígbà tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lónìí, tí òjìji gbogbo lẹ́tà sì yọ dáadáa, mo rí lẹ́tà mẹ́ta kan náà gẹ́gẹ́ bí ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ àgbàlagbà kan lára òkúta ńlá tó wà ní ìwọ̀ oòrùn rẹ̀, ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Àṣà àwọn Kristẹni àtijọ́ ni láti sin òkú kí orí rẹ̀ wà ní ìwọ̀ oòrùn, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà ní ìlà oòrùn, kí ó lè dojú kọ ibi tí oòrùn ti ń yọ ní ọjọ́ àjíǹde. Òkúta ẹsẹ̀, ìyẹn òkúta kékeré tí wọ́n rì sí ibi ẹsẹ̀ àgbàlagbà náà, ni mo pè ní ibojì ọmọ.

Mo ti fa igi lé ọ̀rọ̀ náà. Méjì irú rẹ̀ ṣì wà ní ìlà kìíní tí mo kọ “ọmọdé” sí. Ní ọ̀la, mo máa gbé okùn ìwọ̀n lọ bá wọn.