Àgùntàn Zigong: ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ Confucius

Bí ẹ bá bi èèyàn mẹ́wàá léèrè ohun tí Confucius kọ́ni, mẹ́sàn-án máa sọ pé: bọ̀wọ̀ fágbà, gbọ́rọ̀ sóbìí lẹ́nu, má tàpá sọ́ba. Apá kan ọ̀rọ̀ nìyẹn. Apá tí wọ́n fi sílẹ̀ ló dùn jù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú orúkọ. Kong Qiu lorúkọ ọkùnrin náà. Ọdún 551 ṣáájú ìbí Kristi ni wọ́n bí i nílẹ̀ Lu, níbi tó ń jẹ́ Qufu lónìí, lẹ́kùn Shandong ní Ṣáínà. Ó kú lọ́dún 479. Kongzi làwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń pè é, ìyẹn Ọ̀gá Kong. Àwọn àlùfáà Jesuit, ẹgbẹ́ kan nínú ìjọ Kátólíìkì, tó dé Ṣáínà ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ọdún lẹ́yìn náà ló fi èdè Látìnì sọ ọ́ di Confucius. Àwọn ará Ṣáínà ò tilẹ̀ forúkọ rẹ̀ pe ẹ̀kọ́ ọ̀hún: Rujia ni wọ́n ń pè é, agbo àwọn ọ̀mọ̀wé. Kò sí ìrìbọmi níbẹ̀, wọn kì í sì í bi ẹnikẹ́ni pé ṣé o ti gbàgbọ́.

Ọ̀rọ̀ méjì ló di ẹ̀kọ́ náà mú: ren àti li. Bí wọ́n ṣe ń kọ ren, àmì "ènìyàn" ló wà lápá òsì, àmì "èjì" ló wà lápá ọ̀tún. Ìwà tó yẹ ọmọ èèyàn sí ọmọnìkejì rẹ̀ ni. Li ni ọ̀nà tí ìwà náà ń gbà hàn sójú: bí a ṣe ń kíni, bí a ṣe ń sìnkú, bí a ṣe ń gbé oúnjẹ síwájú àwọn baba ńlá. Ẹni tí kò ní ren, Kongzi béèrè pé kí ló fẹ́ fi li ṣe? Bí ẹ bá rí ibi tí wọ́n ti to ìwà pàtàkì márùn-ún, yi (ṣíṣe ohun tó tọ́), zhi (òye) àti xin (kí ọ̀rọ̀ ẹni ṣeé gbára lé) ló pé wọn. Mẹ́rin ni Mengzi, ọ̀mọ̀wé tó tẹ̀ lé ẹ̀kọ́ Kongzi lẹ́yìn ikú rẹ̀, tí òyìnbó ń pè ní Mencius, kà. Ayé ìdílé ọba Han, tó jẹ lẹ́yìn ìgbà Mengzi, ni xin tó bọ́ sí i.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n rò pé li kò ṣeé yí padà. Nínú Lunyu, ìwé tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ sí, Zigong, ọ̀kan nínú wọn, fẹ́ kí wọ́n fagi lé àgùntàn tí wọ́n ń pa nígbà tí oṣù bá lé. Oníṣòwò ni Zigong, ẹ kú àfiyèsí. Kongzi ní: ìwọ fẹ́ràn àgùntàn, èmi fẹ́ràn li (3:17, ìyẹn ìpín 3, ẹsẹ 17). Ẹni tó bá pa ìwé dé níbẹ̀ á ní olórí kunkun ni. Ẹ ṣí i dé 9:3. Okùn igi hẹ́ḿpù ló yẹ kí wọ́n fi hun fìlà ètò, àmọ́ àwọn èèyàn ti ń lo sílíìkì torí pé ìnáwó rẹ̀ kéré. Kongzi ní òun náà á bá wọn lo sílíìkì. Ní ti ìjòyè tó yẹ kó forí balẹ̀ nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn kó tó gòkè bá olúwa rẹ̀, àwọn èèyàn ti ń gòkè kí wọ́n tó forí balẹ̀. Ó ní ìgbéraga nìyẹn, ìsàlẹ̀ lòun á ti ṣe tòun bí gbogbo ayé bá tilẹ̀ ń ṣe é lókè. Ohun tó ń wò ni pé, ṣé ìnáwó ni àyípadà náà dín kù, àbí ọ̀wọ̀?

Ọgbọ́n kan náà ni Sungkyunkwan, ilé ẹ̀kọ́ Confucius àtayébáyé ní Seoul, lò ní oṣù September 2022. Nígbà Chuseok, ọdún ìkórè wọn, àwọn obìnrin ilé ní Kòríà a máa dúró ti iná, wọ́n á máa dín oúnjẹ fáwọn baba ńlá títí ìjà á fi dé. Sungkyunkwan ní dídín kì í ṣe dandan, oúnjẹ mẹ́sàn-án ti tó, àti pé òfin "èso pupa síhà ìlà oòrùn, funfun síhà ìwọ̀ oòrùn" kò sí nínú ìwé ètò kankan.

Xiao, ìtọ́jú òbí, ló kàn. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, àgbà wà lókè, ọmọ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kongzi ò gbà pé oúnjẹ nìkan ni: ajá àti ẹṣin náà ń rí oúnjẹ jẹ lọ́wọ́ wa, bí kò bá sí ọ̀wọ̀, kí ni ìyàtọ̀ (2:7)? Bí òbí bá kú, ọdún mẹ́ta ni ọ̀fọ̀. Oṣù 25 ló jẹ́ gan-an, torí wọ́n á ti ka ọdún kẹta bó bá ti wọlé, bí àwa náà ṣe ń pe ọjà ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ní ọrọọrún. Aṣọ hẹ́ḿpù ṣákiṣàki tí wọn ò ká etí rẹ̀ ni ọmọ òkú á wọ̀, á máa mu ògì ọkà tó ṣàn, á sì sùn sórí koríko. Zai Wo, ọmọ ẹ̀yìn kan, ní ọdún kan tó. Kongzi bi í pé ṣé ara rẹ̀ á lélẹ̀ bó bá ń jẹ ìrẹsì, tó ń wọ aṣọ olówó? Ó ní á lélẹ̀. Kongzi ní kó máa ṣe é nígbà náà. Ìgbà tó jáde tán ni Ọ̀gá sọ pé ọmọ kì í kúrò lápá òbí kó tó pé ọdún mẹ́ta (17:21).

Ṣùgbọ́n xiao kì í ṣe "bẹ́ẹ̀ ni, sà". Ìtàn kan nínú Kongzi Jiayu, ìwé ìtàn nípa Kongzi, sọ pé Zengzi, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ń ro oko bàrà, ó ṣèèṣì gé gbòǹgbò. Bàbá rẹ̀ fi ọ̀pá ńlá lù ú títí ó fi dákú. Ìgbà tó jí, ó lọ béèrè bóyá ọwọ́ ò dun bàbá, ó wọ yàrá, ó ń ta dùùrù, ó ń kọrin, kí bàbá lè mọ̀ pé kò sóhun tó ṣe òun. Kongzi bínú, ó ní wọn ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó wọlé. Ìlànà rẹ̀ ni pé bí ọ̀pá bá kéré, dúró gbà á. Bó bá tóbi, sá. Bí o bá kú, ẹ̀ṣẹ̀ lo ti bàbá rẹ sí.

Kí ló wá sọ ẹ̀kọ́ yìí di ti ìgbọràn ṣáá? Ìjọba ni. Nínú ìbátan márùn-ún tí Mengzi kà (ọba àti ìjòyè, bàbá àti ọmọ, ọkọ àti aya, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́), ojúṣe wà lọ́tùn-ún lósì. Ìgbà Han ni mẹ́ta àkọ́kọ́ di okùn tí ẹnì kan ń fà, tí ẹnì kejì ń tẹ̀ lé. Láti 1313 títí wọ́n fi fagi lé e lọ́dún 1905, Ìwé Mẹ́rin tí ọ̀mọ̀wé Zhu Xi yàn (Lunyu àti ìwé Mengzi wà lára wọn) ni wọ́n gbé ìdánwò iṣẹ́ ọba kà. Lọ́dún 1394, ọba àkọ́kọ́ ìdílé Ming mú kí wọ́n yọ ẹsẹ 85 kúrò nínú ìwé Mengzi, títí kan ibi tó ti sọ pé aráàlú ló ṣe pàtàkì jù, ọba ló gbẹ̀yìn. Ẹni tó ń wáṣẹ́ á há èyí tó kù sórí.

Bí ẹ bá fẹ́ kà á fúnra yín, ìpín ogún ni Lunyu ní, nǹkan bí ẹsẹ 500, kúkurú-kúkurú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìpín 2, 4, 12 àti 15. Ibẹ̀ lẹ ó ti pàdé junzi. Ọmọ olóyè ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí tẹ́lẹ̀. Kongzi ló gbé e kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ tó gbé e sínú ìwà, débi tí n kò fi rí ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ ọn ju ọmọlúàbí lọ. Ìpín 10 lè sú yín, torí aṣọ àti bí Ọ̀gá ṣe ń jókòó ló pọ̀ níbẹ̀. Ẹ fò ó, àmọ́ ẹ dúró níbi ilé ẹṣin tó jóná. Nọ́ńbà ẹsẹ náà máa ń yàtọ̀ láti ìtẹ̀jáde sí ìtẹ̀jáde, ẹ wá a dáadáa. Kongzi ti ààfin dé, ó ní: ṣé ó ṣe ẹnikẹ́ni? Kò béèrè ẹṣin.