Kọ́kọ́rọ́ Sùn Síta

Sátidé, alẹ́

Kọ́kọ́rọ́ ilé wa sùn síta lánàá. Èmi ni mo fi í sílẹ̀ nínú ihò ilẹ̀kùn lóde, tí mo wọlé, tí mo fi irin há ilẹ̀kùn láti inú, tí mo sì sùn fọnfọn. Ẹni tó bá kọjá lóru ì bá fà á yọ kó máa bá tirẹ̀ lọ.

Láàárọ̀, mi ò tíì mọ ìyẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo ti pẹ́, àti pé kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpò mi. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n búra sí i, ǹ bá búra. Mo da àpò náà dé sórí ibùsùn: bírò mẹ́ta, rìsíìtì tí ohun tí wọ́n kọ sí i ti pa rẹ́, ṣájà tí kò bá fóònù kankan mu mọ́ nínú ilé yìí, fíláàṣì kékeré kan tí mo ti gbàgbé. Mo kó gbogbo rẹ̀ padà. Mo tún dà á. (Ẹ̀yin tí ẹ kì í wá nǹkan níbì kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ kú oríire o.)

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti wo ara ilẹ̀kùn?"

"Kí ni yóò gbé e dé ara ilẹ̀kùn?"

Kí n tó sọ̀rọ̀ tán, àbúrò mi ti ṣí ilẹ̀kùn, ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ, ó ń mì ín wọlé bí agogo. "Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó..." Mo ní kó má parí ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi lójú ọ̀nà. Mo kọ́kọ́ pè é ní ìgbàgbé, àmọ́ bí mo ṣe ń rò ó sí i ni mo rí i pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo dé lánàá, fóònù wà láàárín etí àti èjìká mi, ẹrù wà lọ́wọ́ òsì, ọwọ́ ọ̀tún ló ṣílẹ̀kùn. Ọwọ́ nìkan ló wà níbẹ̀. Èmi fúnra mi wà lórí fóònù. Èèyàn ò lè gbàgbé ohun tí kò mọ̀ rárá. Ọpọlọ mi kò gba ohunkóhun sílẹ̀ nípa kọ́kọ́rọ́ lánàá, ló bá lọ mú ti ìjẹta àti ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó fi dí àlàfo náà: ojoojúmọ́ ló ń fi kọ́kọ́rọ́ sínú àpò, nítorí náà ó wà nínú àpò. Ìdí nìyẹn tí ǹ bá fi búra láìṣiyèméjì.

Ní Japan, awakọ̀ ojú irin kì í kàn wo iná àmì kó kọjá. Ó máa ń na ìka sí i, á sì fi ohùn sókè pe ohun tó rí. Shisa kanko ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á fẹ́ rẹ́rìn-ín, torí ó dà bí ẹni ń bá irin sọ̀rọ̀. Àmọ́ ìdí rẹ̀ kò ṣòro: ojú, ọwọ́, ẹnu àti etí ló jọ ń ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo, ọkàn ò lè wà níbòmíràn. Mo kan ìṣó kan sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn nígbà tí mo dé lọ́sàn-án. Mo fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọ. Mo nàka: "Kọ́kọ́rọ́ wà lórí ìṣó!" Àbúrò mi yọjú láti yàrá, ó wò mí, ó padà sínú yàrá rẹ̀.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, fíláàṣì yẹn ni kò jẹ́. Mo fi í sára kọ̀ǹpútà, kò ṣí. (Mi ò bínú sí i. Iná mànàmáná táṣẹ́rẹ́ tó há sínú rẹ̀ ló ń gbé ohun tí a kọ sí i dúró, bí a bá sì pa á tì fún ọ̀pọ̀ ọdún, iná yẹn lè jò dànù.) Ni mo bá bi ara mi pé kí ni nǹkan mìíràn tí mo lè búra pé ó wà nínú àpò?

Àwòrán àti ohùn tó wà lórí fóònù mi. Mo lè búra pé gbogbo rẹ̀ ń ní ẹ̀dà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo ṣí i. Oṣù méje ni ẹ̀dà ìkẹyìn ti lọ! Gígábáìtì 15 ni Google ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, ìmeèlì, fáìlì àti fọ́tò ló sì jọ ń pín in. Tèmi ti kún. Wọ́n sì ń sọ fún mi. Àfi bí mo ṣe ń fi àtàǹpàkò gbá ìkìlọ̀ náà kúrò lójú ní gbogbo ìgbà tó bá yọ.

Nínú oṣù méje yẹn ni bàbá wa jókòó tì mí fún wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú, tí wọ́n ń ṣàlàyé ẹni tó bí ẹni nínú ẹbí wa. Wọ́n ti sọ tẹ́lẹ̀ pé àwọn ò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ló wà, lórí fóònù tí mo ń gbé wọ àárín èrò.

"Ṣebí ẹ máa ń rí àwọn fọ́tò yín lórí kọ̀ǹpútà?" àbúrò mi bi mí.

Mo máa ń rí wọn, àmọ́ dígí nìyẹn. Kọ̀ǹpútà àti fóònù ń wo àkójọ kan náà ni. Bí mo bá pa fọ́tò kan rẹ́ níhìn-ín, ó ti pa rẹ́ lọ́hùn-ún. Ó lè sùn nínú ibi ìdalẹ̀nù fún 60 ọjọ́, lẹ́yìn náà ó dágbére.

Mo rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní GitLab, ilé-iṣẹ́ tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ wọn pamọ́ sí. Lálẹ́ ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2017, òṣìṣẹ́ kan pa dátà rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe èyí tó ní lọ́kàn, nǹkan bíi gígábáìtì 300. Ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n gbà pé àwọn fi ń dáàbò bo dátà náà. Nígbà tí wọ́n yíjú sí márààrún, kò sí èyí tó ṣeé gbára lé. Ọ̀kan ti ń kùnà tipẹ́, ìmeèlì ìkìlọ̀ rẹ̀ kò sì dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀dà tí ẹnì kan fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ṣáájú, nítorí ìdí mìíràn, ló yọ wọ́n. Tèmi tiẹ̀ burú jù ú lọ. Ìkìlọ̀ tèmi ń dé.

Nítorí náà, mo jókòó ti iṣẹ́ náà láti ìrọ̀lẹ́. Ìlànà tí ayàwòrán Peter Krogh sọ di mímọ̀ ni mo tẹ̀ lé: ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan má gbé ilé kan náà pẹ̀lú àwọn yòókù. Hard disk kan yóò wà lọ́dọ̀ mi, mo sì ti san owó ààyè sí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo tẹ *#06# lórí fóònù, mo da IMEI tó jáde kọ sínú ìwé, ìyẹn òǹkà 15 tí a fi ń dá fóònù kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn. Mo tún kọ àwọn kóòdù tí mo lè fi wọ ìmeèlì mi bí fóònù bá sọnù, torí orí fóònù kan náà ni kóòdù ìwọlé ń wá, bí ẹni ti kọ́kọ́rọ́ àpótí mọ́ inú àpótí.

Mi ò gba hard disk yẹn gbọ́ bí ó ṣe sọ pé òun ti parí. Mo yọ ọ́, mo gbé e lọ sára kọ̀ǹpútà àbúrò mi, mo tẹ ohùn bàbá wa níbẹ̀, mo fò lọ sí àárín rẹ̀. Wọ́n wúkọ́. Wọ́n ní, "Dúró ná, jẹ́ n mu omi." Mo jẹ́ kí wọ́n mu omi náà tán kí n tó pa á.

Aago mẹ́wàá ti kọjá báyìí. Kí n tó wá sùn, mo lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, mo nàka, mo sì la ẹnu. Kò sí nǹkan kan lórí ìṣó. Àbúrò mi jáde ní nǹkan bíi wákàtí kan sẹ́yìn, òun ló mú kọ́kọ́rọ́ dání.

Àbí kí n ní, mo gbà pé òun ló mú un. Mo ń lọ wo ìta ná.