Kásẹ́ẹ̀tì Ìyé: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí gbígba ohùn àgbà sílẹ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ìròyìn tàbí ìmọ̀ èdè, Òkun o, bí àwa ará Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogí ṣe ń kí ènìyàn nìyẹn. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ rédíò, síbẹ̀ ẹ̀kọ́ tí mo ń lò jù lọ níbẹ̀, inú yàrá ìyá bàbá mi ní Ìsánlú ni mo ti kọ́ ọ, owó tí mo sì san fún un kò ṣeé gbà padà.

Ìyé ni à ń pe ìyá ní ọ̀dọ̀ wa, orúkọ tí gbogbo ilé sì ń pè é náà nìyẹn. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni mo wà nígbà tí wọ́n ní kí kálukú wa lọ gba ìtàn lẹ́nu àgbàlagbà kan. Mo yá ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀, mo ra kásẹ́ẹ̀tì oníwákàtí kan méjì, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójú kọ̀ọ̀kan, mo sì jókòó ti Ìyé fún ìrọ̀lẹ́ méjì. Ní ìrọ̀lẹ́ kìíní, ó sọ̀rọ̀ pẹ́ nípa ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ adẹ́mu. Mo kánjú kọ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé láìfi àmì ohùn sí i, nítorí mo rò pé kásẹ́ẹ̀tì wà, kò séwu.

Èmi fúnra mi ni mo fi orin jùjú gbà lé e lórí. Kásẹ́ẹ̀tì ní eyín kékeré méjì lẹ́yìn. Tí ẹ bá ti ṣẹ́ eyín ojú tí ẹ fẹ́ tọ́jú, ẹ̀rọ kò ní lè gba ohun mìíràn síbẹ̀ mọ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ahun ni kò jẹ́ kí n ṣẹ́ ẹ, torí mo rò pé ó lè wúlò fún nǹkan mìíràn lọ́jọ́ iwájú, ó sì wúlò lóòótọ́!

Ewé ìwé mẹ́rin ló ṣẹ́ kù. Lójú ewé kẹta mo kọ ọ́ pé “o gbe igba ko ejika”. Ṣé igbà tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ ni, àbí igbá? Méjèèjì ló jẹ́ ohun èlò iṣẹ́ rẹ̀, méjèèjì ló ṣeé gbé kọ́ èjìká, Ìyé sì ti lọ nígbà tí mo fi rí i pé ó yẹ kí n béèrè. Títí dòní, mi ò mọ ohun tí bàbá bàbá mi gbé jáde láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Lórí fóònù òde òní, eyín tí ẹ ó ṣẹ́ ni pé kí ẹ kọ́kọ́ da ohùn náà sí ibi méjì kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Kásẹ́ẹ̀tì kejì yè, àmọ́ mo bà á jẹ́ lọ́nà mìíràn. Bí mo ṣe ń dà á kọ ni mo ń tún ọ̀rọ̀ Ìyé ṣe sí Yorùbá ìwé, gẹ́gẹ́ bí àkọtọ́ 1974, ìlànà bí a ṣe ń kọ Yorùbá sílẹ̀, ti wí, mo sì rò pé mo ń bọlá fún un. Ẹ má dá mi lẹ́bi jù. Láti ìgbà Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní 1859, dé orí Bíbélì àti tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn ní 1959, èdè tí wọ́n ń tẹ̀ tí wọ́n sì ń kà síta kì í ṣe ti ẹnu wa. Àwa ọmọ Owé, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Òwórò wà lábẹ́ Kàdúná, olú-ìlú ẹkùn Àríwá, títí di 1967, a bọ́ sínú Kwara, a sì di ará Kogí ní 1991. Ohùn Ìlọrin ló ń jáde nínú rédíò bàbá mi lójú fèrèsé. Yorùbá àjùmọ̀lò yẹn ṣe wá lóore, nítorí òun ni mo fi ń kọ̀wé sí yín báyìí, ṣùgbọ́n ó mú kí ẹnu Ìyé máa tì mí lójú.

Nígbà tí mo ka iṣẹ́ mi sétí ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ó dákẹ́ gbọ́ ọ tán, ó wá bi mí pé, “Tíṣà wo lo lọ bá sọ̀rọ̀?”

Láti ọjọ́ náà, ìlà méjì ni mo máa ń kọ: ohun tí etí mi gbọ́ lókè, ìtumọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá àjùmọ̀lò nísàlẹ̀. Tí ẹ bá ń ka ìròyìn, ẹ lo ti ìsàlẹ̀. Tí àgbà bá ń sọ̀rọ̀ nínú ètò yín, ẹ fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Àwọn tó ń ṣe fíìmù wa kò tíì gbọ́ èyí, nítorí ẹni tó bá sọ èdè àdúgbò níbẹ̀, alágbàṣe tàbí aláwàdà ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ wa ní Kabba ń wò ó, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín ìyá ìyá wọn láìmọ̀.

Mo tún gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì kejì náà láìpẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí n tó béèrè ohunkóhun, Ìyé kí ẹ̀rọ náà pé, “Òkun o.” Ó wá ń retí kí ó dáhùn. Ewúrẹ́ ké níta, ẹnìkan da omi nù. Nígbà tí mo fẹ́ lo ohùn náà lórí afẹ́fẹ́ lọ́jọ́sí, mo ti gé ibẹ̀ kúrò, mo ní kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Mo ti dá a padà báyìí. Lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ náà, ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin kan dáhùn wẹ́rẹ́ bí ẹni tí ojú ń tì: “Òkun, Ìyé.”