Fífín lẹ́tà Hawar sára línólíọ̀mù: ibi tí iṣẹ́ dé

Ọ̀sẹ̀ kìíní: Línólíọ̀mù ni ohun pẹlẹbẹ tí a ń fi ọ̀bẹ fín, tí a ń fi yíǹkì pa, tí a sì ń tẹ̀ sórí bébà. Bébà A4 tí a gbé sí ìbú la ó tẹ àwọn lẹ́tà náà sí. Lẹ́tà 31 ni Celadet Alî Bedirxan, tó ti ṣe ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun Ottoman (ìjọba Tọ́kì àtijọ́) rí, tò fún Kurmancî, ọ̀kan nínú èdè àwọn Kurdi, tó sì fi tẹ ìwé ìròyìn Hawar ní Damásíkù láti May 15, 1932. "Hawar" ni igbe ẹni tí nǹkan ká mọ́: ẹ gbà mí o! A fa ìlà àpótí 8 níbùú, 4 lóròó, sẹ̀ǹtímítà 3 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àpótí 32 nìyẹn; èyí tó ṣẹ́kù máa gba "1932". Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní línólíọ̀mù tirẹ̀, kí èyí tó bá bàjẹ́ má baà kó bá ìyókù.

Ọ̀sẹ̀ kejì: Ohun tí a bá fín máa ń yí sódì nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. A, H, I, Î, M, O, T, U, Û, V, W, X àti Y ò yàtọ̀ bí a bá dà wọ́n bíi ti inú jígí. 18 yòókù la fi bébà fẹ́lẹ́ dà kọ sódì. "HAWAR" tó máa wà nísàlẹ̀ ló léwu jù: bí a bá tò ó láti òsì bí a ṣe ń kà á, RAWAH ló máa bọ́ sórí bébà, ojú ò sì ní tètè fura.

Ọ̀sẹ̀ kẹta: Fìlà orí Ê, Î, Û àti ìrù abẹ́ Ç, Ş ló ń jẹ àkókò. Àwọn la kọ́kọ́ ń fín, nígbà tí línólíọ̀mù ṣì yí wọn ká. Èyí tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ ju mìlímítà 1 lọ máa ń ṣẹ́. Ìrù Ş ti ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì: línólíọ̀mù tutù, ọ̀bẹ sì gbẹ́ wọ abẹ́ ìlà. Ẹ yá línólíọ̀mù nínú oòrùn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ ìlà dà síta bí ìdí òkè.

Ẹ má sì sọ pé àmì kékeré ni. Lọ́dún 1919, Bedirxan bá Major Noel, ará Bìrìtéènì, rìn káàkiri ilẹ̀ Kurdi. Lẹ́tà Látìn ni Noel fi ń kọ ohun tó ń gbọ́, ó sì ń kà á padà geerege. Bedirxan tó fi ti Lárúbáwá kọ tirẹ̀ ń wá ìyàtọ̀ û àti o. (Ş yẹn, ṣ tiwa náà ni, ìrù ló fi rọ́pò àmì ìsàlẹ̀.)

Ìdánwò yíǹkì: bébà mẹ́rin. Nígbà tí yíǹkì pọ̀ lórí rólà, fìlà Ê lẹ̀ mọ́ orí rẹ̀, ó di búlọ́ọ̀kù dúdú kan. Ìpele tó tín-ín-rín, ká yí rólà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ló dára jù.

Ó ku àpótí "1932". 1 tó jẹ́ ìlà gbọọrọ lásán ò yàtọ̀; 9, 3 àti 2 ló gbọ́dọ̀ dà sódì, ká sì tò wọ́n láti ọ̀tún.